Ẹni Tó Bá Ṣe Àga Ló Ń Jókòó

Ẹ má wò yíká, kò sí àga fún yín. Mo rí i pé láti ìgbà tí ẹ ti wọlé ni ojú yín ti ń wá ibi tí ẹ máa fi ìdí lé, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù wa níbí, ẹni tí kò bá tíì ṣe àga tara rẹ̀ kì í jókòó. Àlejò ń dúró ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá lè gbé e dúró, àpò wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, kó jókòó sórí rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ iṣẹ́. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ẹsẹ̀ òsì mi ti rọ láti ọmọ ọdún mẹ́ta, orí àpò yẹn náà ni mo sì wà fún oṣù mẹ́ta gbáko kí n tó ní àga, nítorí iṣẹ́ àwọn oníbàárà ò jẹ́ kí n ráyè ṣe tèmi. Òun nìyẹn lọ́hùn-ún, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Káfíńtà wa ti bẹ̀ mí títí pé kí n jẹ́ kí òun fi pákó kún un. Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀, a jọ ń tiro ni.

Wọ́n ń pè mí ní Atarodo. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá mi sọ mí, àmọ́ ìyá mi gan-an ti gbàgbé èkejì. Inú mi ń tètè ru, ẹnu mi ò sì ní bíréèkì. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe èèyàn tí wọ́n bá ti ń kí i ní “pẹ̀lẹ́” láti kékeré? Pẹ̀lẹ́ tó bá jí, pẹ̀lẹ́ tó bá ń rìn, pẹ̀lẹ́ tó bá ń jẹun, bíi pé oúnjẹ náà ń dùn ún. Àfi kó di ọ̀dẹ̀ tàbí kó di oníjà. Èmi yan ìjà. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í sọ pẹ̀lẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, àfi tí èèyàn bá fi òòlù lu ara rẹ̀. Ìyẹn nìkan la gbà.

Àwa mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Káfíńtà wà níbẹ̀, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣòfófó ju ẹnu èèyàn mẹ́wàá lọ. Bàbá Afọwọ́wò wà níbẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn, òun ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ yẹ gbogbo àga wò kó tó jáde. Àti èmi. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a gbà, ọgbọ̀n àga ni, fún ilé ìwòsàn kan. A ṣe é, a kó o lọ, wọ́n yìn wá. Nígbà tí a padà dé, a jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. Ni Bàbá Afọwọ́wò bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ gbọ́ ná, ìdí ọgbọ̀n aláìsàn wà lórí àga tí a ṣe, ìdí àwa tí a ṣe é wà nílẹ̀. Ta ló gégùn-ún fún wa?” Ọjọ́ yẹn la ṣòfin. Gbogbo ọjọ́ ayé wa, àwọn ẹlòmíràn ló ń mú wa jókòó síbi tó bá wù wọ́n: ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, etí títì. Ó tó gẹ́ẹ́. Láti ìgbà náà, kálukú ló ń ṣe ibi tí yóò jókòó sí, a kì í sì í jókòó sórí ti ẹlòmíràn. A ti di mọ́kànlá báyìí.

Ẹ fara ti òpó yẹn, kí n sọ bí òfin yìí ṣe bá èmi gan-an wí.

Ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti Káfíńtà kó àga mẹ́fà lọ sí ilé Lánlọ́ọ̀dù. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é nìyẹn, nítorí nínú ilé méje tó wà ní òpópónà yẹn, òun ló ni mẹ́rin. Pálọ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, tìmùtìmù orí sófà ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá láti ọjà. A to àga sílẹ̀, ó ń yẹ̀ wọ́n wò, ó ń mi orí. Ìyàwó rẹ̀ kígbe sẹ́yìn pé kí wọ́n bu omi wá fún àlejò. Ọmọbìnrin kan jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lè tó ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ife omi, ó kúnlẹ̀, ó nà án sí mi.

Lánlọ́ọ̀dù fò sókè. “Ọwọ́ òsì! Ọwọ́ òsì lo tún fi ń gbé omi fún àlejò! Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ fún ẹ?”

Mo wo apá ọ̀tún ọmọ náà. Ó ti fa apá aṣọ bò ó, ó sì fi píìnì dè é pa nísàlẹ̀. Kò sí ọwọ́ níbẹ̀. Ọwọ́ wo wá ni bàbá yìí fẹ́ kó lò? Kó lọ yá ti aládùúgbò? Mo gba omi náà, mo mu ún tán pátápátá, mo sì fi ọwọ́ òsì tèmi dá ife padà fún un. Mo ní, “O ṣeun, Àbúrò. Omi ò mọ ọwọ́ tó gbé e.”

Kò tètè lọ. Ó fi ẹsẹ̀ rọra da ọ̀kan nínú àwọn àga náà délẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀ níbi tí a ti ń ta okùn tí a fi hun ìjókòó ní kókó. Orí mi wú. Ojú àga ni gbogbo ayé ń wò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo abẹ́ rẹ̀, oníṣẹ́ ni.

“Wọlé!” ni Lánlọ́ọ̀dù wí. Ó sì wọlé.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọkùnrin náà, kì í ṣe ìkà. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ni ọmọ yìí, òun ló tọ́ ọ, òun ló rán an lọ sílé ìwé. Ọ̀dọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní ọrùn ọwọ́. Ìyàwó Lánlọ́ọ̀dù sọ fún mi pé ọkọ òun sunkún bí ọmọdé lọ́jọ́ náà. Àmọ́ nígbà tó yá, àwọn àna wọn kan wá kí wọn, ọmọ náà fi ọwọ́ òsì gbé omi fún wọn, wọ́n sì fajú ro pé ó rí àwọn fín. Ojú ti Lánlọ́ọ̀dù. Láti ọjọ́ náà, tí àlejò bá ti dé, yàrá ẹ̀yìn ni fún ọmọ. Ọdún kejì rèé.

Lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi, ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ṣoore. Ó ti rí ilé kan lókèèrè níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn. Wọ́n á máa fi ṣíbí bọ́ ọ, wọ́n á máa wẹ̀ fún un. Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ yẹn ni mọ́tò máa wá gbé e.

“Ta ló sọ fún yín pé kò lè wẹ̀?” ni mo bi í.

“Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo! Kí ni ọwọ́ kan lè ṣe?”

Bíréèkì tí mo sọ pé ẹnu mi ò ní, ọjọ́ yẹn ló hàn. Mo ní kó fún mi ní ọmọ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Mo ní á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àga kan, láti ìṣó àkọ́kọ́ dé kókó tó kẹ́yìn. Káfíńtà ń wo ẹnu mi, ó ń fi ọwọ́ bi mí bóyá orí mi ṣì pé, nítorí ó mọ̀ pé ẹlòmíràn tó ní ọwọ́ méjì máa ń lo oṣù kan.

Lánlọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó dáa. Tí mo bá dé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, tí mo bá a lórí àga tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, mi ò mú un lọ mọ́. Tí mi ò bá bá a lórí àga, inú mọ́tò ló ń lọ tààrà, ẹ̀yin náà ò sì gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ilé mi mọ́.”

Mo ní mo gbà. Ta ló bi ọmọ náà léèrè? Kò sí. Èmi náà ò bi í.

Ó dé ní aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè, ó wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru yẹn, píìnì rẹ̀ wà níbẹ̀. Bàbá Afọwọ́wò na ọwọ́ ọ̀tún láti kí i. Ọmọ náà dúró, kò mọ èyí tí yóò ṣe, ó wá rọra fi ọwọ́ òsì sínú ọwọ́ Bàbá. Bàbá tẹ ọwọ́ náà wò níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ wò lọ́hùn-ún. “Ọwọ́ yìí ti ṣiṣẹ́ rí,” ló wí. “Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ kó máa sùn ni.” Ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo fi àpò hàn án. Ó wo àwa tó kù lórí àga wa, ó wo àpò, ó jókòó. Káfíńtà gé igi fún un, nítorí òun ló ń gé igi fún gbogbo wa. Ìyókù di tirẹ̀. Ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì di ìṣó mú, ó ń fi ọwọ́ òsì sọ òòlù. Lọ́jọ́ kejì, òòlù balẹ̀ sórí àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ó ké. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Pẹ̀lẹ́ o!” Káfíńtà pàápàá fi ọwọ́ méjèèjì ṣe pẹ̀lẹ́. Ọmọ náà wò wá bíi pé orí wa ti yí. Nígbà tí mo ṣàlàyé òfin fún un, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń di ẹsẹ̀ mú. Ó ní ọdún kejì rèé tí wọ́n ti ń kí òun ní pẹ̀lẹ́, èyí nìkan ló bá ọgbẹ́ mu.

Nígbà tó fi máa di Sátidé, igi ti dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wá ku okùn.

Okùn ọ̀rá la fi ń hun ojú ìjókòó. A ó fà á láti iwájú dé ẹ̀yìn, a ó tún fi òmíràn gba àárín rẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, a ó sì ta ìdí rẹ̀ ní kókó lábẹ́. Tí okùn bá fi lè dẹ̀, ẹni tó bá jókòó á já wálẹ̀ gbì. Ọwọ́ kan ń fà, ọwọ́ kejì ń dì í mú. Mo kọ́ ọ pé kó fi eyín dì í mú. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ o. Ó fi eyín di okùn mú láti Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kejì títí dé Ọjọ́bọ̀, èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, okùn sì ń dẹ̀. Ó ń tú u, ó ń tún un ṣe. Nígbà tí a ṣíwọ́ ní Ọjọ́bọ̀, kò tíì dé àárín.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní àárọ̀ Jímọ̀, mo dé ṣọ́ọ̀bù kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo rí àga náà lórí tábìlì, okùn tí kò tíì dé ìdajì lójú rẹ̀, àmì eyín lára okùn. Ọ̀la ni Lánlọ́ọ̀dù ń bọ̀. Àánú ọmọ náà ṣe mí. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi! Èmi Atarodo, tí mo ti torí àánú bá gbogbo ayé jà, àánú ṣe mí. Mo fa àga náà mọ́ra, mo hun ún títí dé etí, mo ta kókó tó kẹ́yìn, mo sì gbé e padà síbi tó wà. Nígbà tí àwọn yòókù dé, mo ń gbálẹ̀, mo ń súfèé.

Ọmọ náà dé. Ó dúró níwájú àga náà, ó rọra dà á dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀.

“Ta ló ṣe é?”

Èmi ń wo ìgbálẹ̀.

“Mo ní ta ló ṣe é? Ọwọ́ òsì ni mo fi ń ta kókó tèmi, apá òsì ni ìdí okùn mi ń kọjú sí. Ìwọ̀nyí kọjú sí ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ méjì ló ta wọ́n.”

“Àbúrò, ọ̀la ni Lánlọ́ọ̀dù...”

“Ọ̀gá, ẹ̀yin ni?”

“Mo kàn ràn ọ́ lọ́wọ́ ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

“Èmi ńkọ́?” ló wí. “Èmi kì í ṣe ẹni?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí dé akínyẹmí ara.

Ó mú ọ̀bẹ lórí tábìlì. Okùn tèmi àti okùn tirẹ̀ ti gba inú ara wọn kọjá, kò sí bó ṣe lè yọ tèmi kó ku tirẹ̀. Ó gé gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, pẹ̀lú eyín pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ó gé e dànù, okùn ń já, ó ń ta sókè. Ó ń sunkún, inú ń bí i, ó sì ń sọ̀rọ̀. “Nílé, wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ mi bí ọmọ ọwọ́. Ẹ mú mi kúrò níbẹ̀ wá síbí, ẹ wá ń hun àga fún mi. Kí ni ìyàtọ̀? Ẹ̀yin àti Bàbá mi jókòó sí pálọ̀, ẹ pín mi mọ́ ara yín lọ́wọ́. Ṣé ẹ bi mí bóyá mo fẹ́ bọ́ sínú mọ́tò? Ṣé ẹ bi mí bóyá mo fẹ́ ṣe àga?”

“Mi ò bi ọ́,” ni mo wí.

“Mo fẹ́ ṣe àga! Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n ṣe é!”

Bàbá Afọwọ́wò dìde. “Atarodo, ìwọ lo hun ún?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“O jẹ̀bi. Lọ jókòó sórí àpò. Títí ọmọ yìí yóò fi jókòó sórí àga tirẹ̀, o ò ní àga, o ò sì ní ẹnu. Ẹni tó wà lórí àpò kì í dá sí iṣẹ́ ẹlòmíràn.”

Àga tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ò dùn mí tó ẹnu. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Káfíńtà, etí rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan rí, síbẹ̀ ó ń fi ọwọ́ sọ fún gbogbo èèyàn pé ariwo ti dínkù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi jókòó sórí àpò, mo fẹ̀yìn ti ògiri, ojú ń tì mí.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí i. Ọmọ náà mú okùn tuntun, ó kì í bọ ẹnu, ó tún tu ú síta. Ó wo apá ọ̀tún rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó fi eyín yọ píìnì, ó tu ú nù, ó ká apá aṣọ náà títí dé ìgunpá. Láti ọjọ́ tó ti wà lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni ò tíì rí ohun tó wà níbẹ̀. Kùkùté apá ni, ojú àpá rẹ̀ ń dán, ó sì le. Ó wé okùn mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í tẹ igi, ó wá fi ọwọ́ òsì fà á. Okùn náà le gan-an. Ó fi ìka ta á, ó dún.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi wo ọwọ́ tí kò sí, mi ò wo apá tó wà. Lánlọ́ọ̀dù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé èmi àti ẹni tí mò ń bú, ọmọ ìyá kan náà ni wá?

Ó hun ún títí a fi ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, kò jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀kùn tó ṣí ló ti dúró síta.

Lánlọ́ọ̀dù dé ní aago mẹ́wàá. Ó wọ kóòtù dúdú. Mọ́tò wà níta, mo sì rí báàgì ọmọ náà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó kí wa dáadáa, ó wò yíká bí ẹ ṣe wò yíká lẹ́ẹ̀kan. Àga mi nìkan ló ṣófo, ló bá kọrí síbẹ̀.

Bàbá Afọwọ́wò gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹni tí kò bá ṣe àga, kì í jókòó níbí.”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin, àti ẹnikẹ́ni.”

“Kí ló dé tí Màdáàmù fi wà nílẹ̀?”

“Ó ṣẹ̀ ni.”

Lánlọ́ọ̀dù yíjú sí mi, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn mí. Mo kàn ń wò ó.

Ó wá rí ọmọ rẹ̀ lórí àpò kejì, àga wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ku bí ìdá kan nínú mẹ́rin okùn. “Mo sọ ọ́,” ló wí. “Kò tíì parí. Ó yá, dìde, jẹ́ ká máa lọ. Kí o sì bo apá yẹn kí àwọn èèyàn ìta tó rí i.”

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá.” Ó fa okùn kan. “Mi ò lè bò ó. Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́.”

“Àdéhùn ni àdéhùn. Èmi àti Màdáàmù jọ sọ ọ́.”

“Ẹ̀yin àti Màdáàmù lẹ jọ sọ ọ́. Èmi ò sí níbẹ̀, yàrá ẹ̀yìn ni mo wà.” Ó fa òmíràn. “Sátidé lẹ dá, ẹ ò dá aago. Sátidé ò tíì parí. Ẹ dúró dè mí.”

“Tí mi ò bá dúró ńkọ́?”

“Ẹ máa lọ nígbà náà. Mọ́tò yẹn ò ní gbé mi. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé, Bàbá. Kò sẹ́ni tó lè gbé mi sínú mọ́tò àfi tó bá fi okùn dì mí. Okùn sì rèé, ọwọ́ mi ló wà.”

Ẹnu yà á. Ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó gbé ojú sókè, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó bú u. Tí èèyàn bá fẹ́ jà, tí kò rí ẹni bá a jà, kí ló kù tó máa ṣe? Ó dúró.

Aago mọ́kànlá lù. Ó fara ti ògiri, ẹfun ògiri lẹ̀ mọ́ kóòtù rẹ̀ lẹ́yìn. Aago méjìlá. Ó ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń gbé ìkejì. Awakọ̀ fọn fèrè, ó juwọ́ sí i pé kó ní sùúrù. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára kùkùté apá yẹn, bó ṣe ń wé okùn, tó ń tẹ igi, tó ń tú u sílẹ̀, tó tún ń wé e. Mo rò pé láti ọdún méjì, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wò ó nìyẹn. Ó wu mí kí n rán an létí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, pé ẹni tó ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì. Àmọ́ mo rántí pé mi ò lẹ́nu.

Ó kọjá aago kan díẹ̀ nígbà tó ta kókó tó kẹ́yìn. Ó gbé àga náà lọ bá Bàbá Afọwọ́wò. Bàbá dà á dé, ó fi ìka tọ àwọn kókó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ lórí ẹ̀. “Òsì,” ni Bàbá ń sọ, “òsì, òsì, òsì.” Ó dà á padà, ó fi gbogbo agbára tẹ ojú rẹ̀, ó mì ín síwá sẹ́yìn. Àga ò dún.

“Ta ló ṣe é?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Lọ jókòó.”

Ó jókòó. Káfíńtà fi òòlù lu tábìlì, kálukú wa ń lu ohun tó wà nítòsí rẹ̀, ariwo náà gba gbogbo òrùlé kan. Èmi lu ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ ló wà nítòsí mi. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé wọ́n ti dá ẹnu mi padà.

Lánlọ́ọ̀dù fi ìnujú nu ojú. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Ó dáa,” ló wí. “O ṣe é, ojú mi rí i. Mi ò mú ẹ lọ mọ́. Ó yá, dìde kí n jókòó díẹ̀, ẹsẹ̀ ń ro mí.”

Ẹ gbọ́ o, kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Bí àgbà ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ ló ṣe sọ ọ́. Tí àgbà bá dé, ọmọdé á dìde, ta ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi gan-an ti na ọwọ́ mú ọ̀pá ìtilẹ̀ mi láti dìde. Mo sì rí i tí ara ọmọ náà gbéra, nítorí wọ́n kọ́ ọ nílé. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde tán.

Ó padà jókòó.

“Rárá, Bàbá.”

Káfíńtà gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ má bínú. Ibi tí ẹ bá ní kí n wà ni mo ti ń wà láti ọdún méjì. Èyí, èmi ni mo ṣe é. Mi ò ní dìde lórí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìdì okùn tuntun kan nílẹ̀, ó nà án sí i. Ọwọ́ òsì ló fi nà án. “Ẹ gbà. Káfíńtà á gé igi fún yín. Àpò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá.”

Lánlọ́ọ̀dù wo ọwọ́ òsì náà. Ó wò ó títí, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò gbé e sọ̀kalẹ̀. Awakọ̀ tún fọn fèrè níta. Lánlọ́ọ̀dù na ọwọ́, ó gba okùn.

Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó di ògiri mú, ó ń sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi kan àpò. Eékún rẹ̀ ké. Ó mí kanlẹ̀. Ẹnu mi ti di tèmi padà, ohun àkọ́kọ́ tó sì sáré wá sórí ahọ́n mi ni pẹ̀lẹ́. Mo gbé e mì.

“Ẹ ká apá kóòtù yẹn sókè,” ni mo wí fún un. “Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.”